Ẹja Bímọ Lóru, Ọmọ Dà? Bí A Ṣe Ń Sin Guppy, Platy àti Molly Nínú Ilé

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Ẹja mi lóyún, ikùn rẹ̀ ga bí ìlù. Mo jí láàárọ̀, ikùn ti wálẹ̀, n kò sì rí ọmọ kan ṣoṣo. Kí ló dé?" Ohun tó dé ni pé ó bímọ lóru, ó sì kó wọn jẹ. Bóyá kì í sì í ṣe òun nìkan. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú táǹkì á ti bá a dá sí i. Àgbébọ̀ adìẹ a máa ràdọ̀ bo ọmọ rẹ̀, àmọ́ àwọn ẹja yìí kò mọ irú ìyẹn. Ohunkóhun tó bá ń mira nínú omi, tó sì gba ẹnu wọn, oúnjẹ ni.

Ẹja tí mò ń wí ni àwọn tí kì í yé ẹyin síta. Inú ìyá ni ẹyin ti ń pa, ọmọ á jáde láàyè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mímú kí wọ́n bímọ kò gba ọgbọ́n kankan: ẹ fi akọ àti abo sínú omi tó dáa, wọ́n á bí, ẹ ò báà máa sùn. Kí ọmọ yè, kí ó dàgbà, kí wọ́n má sì pọ̀ ju ilé lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

## Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́.

- Platy. Òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ara rẹ̀ le, kò ní wàhálà, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.
- Guppy. Ó kéré, ó sì ń bí léraléra. Ìrù akọ rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀ aláràbarà. Èyí tí ìrù rẹ̀ bá gùn jù kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ẹ má jẹ́ kí ẹwà nìkan fà yín.
- Molly. Ó tóbi, ó ń jẹun, ó sì ń yàgbẹ́ gan-an. Omi rírọ̀ tí kò ní èròjà òkúta nínú kì í bá a lára mu. Táǹkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní lítà 80.
- Swordtail. Ìsàlẹ̀ ìrù akọ rẹ̀ gùn jáde bí idà. Ó ń fò! Bí táǹkì kò bá ní ìdérí, orí ilẹ̀ lẹ ó bá a láàárọ̀.

Platy àti swordtail lè gun ara wọn, kí wọ́n sì bí àmúlùmálà. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ ẹja yín dúró bó ṣe wà, ẹ má kó àwọn méjèèjì sójú kan. Bákan náà ni guppy àti Endler, ẹja kékeré kan tó jọ guppy.

## Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

- Táǹkì lítà 60, ó kéré tán, fún àwọn àgbà (80 fún molly). Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in. Táǹkì 60 × 30 × 36 á gba bí lítà 65. Lítà omi kan, kílò kan. Ẹ wo tábìlì tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lé dáadáa.
- Táǹkì lítà 20, tàbí ike ńlá kan tí kò gbé oògùn tàbí ọṣẹ rí, fún ọmọ.
- Fítà (ohun tó ń sẹ́ omi) onífóòmù kan fún táǹkì kọ̀ọ̀kan, àti páǹpù afẹ́fẹ́. Fítà alágbára tó ń fa omi wọnú á fa ọmọ wọnú pẹ̀lú.
- Òṣùwọ̀n ìgbóná omi.
- Rọ́bà tí a fi ń fa omi, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fọṣọ. Ẹ fi pẹ́ńtì kọ "ẸJA" sí i lára.
- Àwọ̀n kékeré tó rọ̀.
- Ìdérí.
- Bébà àyẹ̀wò omi: ti ammonia, nitrite, nitrate àti pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó).
- Ewé inú omi: Java moss, hornwort, tàbí ojú oró tiwa níbí.

Ojú oró dára púpọ̀ nítorí gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n. Àárín ibẹ̀ ni ọmọ ń sá sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú ọ̀sà tàbí odò lẹ ti já a, ẹ má jù ú sínú táǹkì lọ́jọ́ náà. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ sì máa wò ó. Ọmọ lámilámi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Inú omi ni lámilámi ń gbé kó tó yọ ìyẹ́, ẹran ló sì ń jẹ. Ọ̀kan péré lè pa ọmọ ẹja yín tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa bú ìyá wọn lásán.

## Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sìn

Bí mo bá ní kí ẹ ka ibì kan ṣoṣo nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ibí ni. Ẹja tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, omi ló sábà máa ń pa á; ẹni tó tà á fún yín kò jẹ̀bi.

Irú omi tẹ́ ẹ ní

*Omi ẹ̀rọ ìjọba* ní kílórínì nínú. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ nínú ohun tó fẹjú fún wákàtí 24 sí 48, kí ó fò lọ. Bí páǹpù afẹ́fẹ́ bá ń fọ́n sí i, á tètè lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ ń lo chloramine, ìyẹn kì í fò lọ bí ẹ bá fi omi sílẹ̀ lásán. Oògùn ìṣàtúnṣe omi tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́ja nìkan ló ń ká a.

*Omi bọ́ọ̀hóòlù* kì í sábà ní kílórínì, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì lè kan, pàápàá ní agbègbè Èkó. Ẹ fi páǹpù fọ́n afẹ́fẹ́ sí i mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn pH rẹ̀. Láàárín 7 sí 8 ni àwọn ẹja yìí ti ń gbádùn. Bó bá wà nísàlẹ̀ 7, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ, ẹ ra ìkarahun òkun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ dì í sínú aṣọ tó fẹ́lẹ́, ẹ sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fítà. Ìkarahun ìgbín tẹ́ ẹ sè, tẹ́ ẹ sì fọ́, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má retí àyípadà lálẹ́ ọjọ́ kan.

*Omi òjò* rọ̀ jù, kò ní èròjà. Ẹ lè fi lú omi mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó lásán. *Omi kànga* sinmi lórí kànga náà. Ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì bi onílé bóyá wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sí i láìpẹ́.

Mímú kí táǹkì gbó

1. Ẹ fi omi lásán fọ táǹkì àti òkúta wẹ́wẹ́. Kò sí ọṣẹ níbẹ̀ o, bó ti wù kí ó kéré mọ.
2. Ẹ to òkúta, ewé àti fítà sí i, ẹ rọ omi tó ti sinmi kún un, kí afẹ́fẹ́ máa fọ́n tọ̀sán-tòru.
3. Lójoojúmọ́, ẹ fi oúnjẹ ẹja tín-ń-tín sí i bí ẹni pé ẹja ti wà níbẹ̀. Á jẹrà, á di ammonia. Kòkòrò àìfojúrí kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ammonia náà, á sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn á sọ nitrite di nitrate, ìyẹn kò le tó bẹ́ẹ̀, ewé àti pípààrọ̀ omi sì ń mú un kúrò.
4. Ẹ máa wọn omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ammonia á gòkè, á wálẹ̀. Nitrite á tẹ̀ lé e, òun náà á gòkè, á wálẹ̀.
5. Ọjọ́ tí méjèèjì bá di 0, tí nitrate sì hàn, táǹkì ti gbó. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.
6. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi náà, kí ẹ tó kó ẹja díẹ̀ wọlé: akọ 1, abo 3. Ẹ má kó ogún lọ́jọ́ kan.

Ṣé ẹ ò ní sùúrù? Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tí ẹja rẹ̀ ń ṣe dáadáa, kí ó bun yín ní fóòmù àtijọ́ láti inú fítà rẹ̀. Inú omi táǹkì rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e wá, kò gbọdọ̀ gbẹ lójú ọ̀nà. Kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ ti wà lára rẹ̀, á sì gé ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ kúrò nínú ìdúró yín. Ẹ ṣì máa wọn omi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbóná 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára. Nílẹ̀ wa, ó sábà máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi nígbà ọyẹ́ tí òru bá tutù. Ẹ gbé táǹkì kúrò létí fèrèsé nígbà náà.

## Akọ, abo, àti ẹja tó ti lóyún láti ọjà

Ẹ wo abẹ́ ikùn ẹja, lẹ́bẹ́ tó wà lẹ́yìn ihò ìdí. Ti abo ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Ti akọ ká jọ, ó tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó bí igi ìgbálẹ̀ kékeré. Òun ló fi ń gun abo. Akọ 1 sí abo 2 tàbí 3 ni mo máa ń fi. Bí akọ bá pọ̀ ju abo lọ, wọn ò ní jẹ́ kí abo simi, wọ́n á máa lé e títí á fi rù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyí: abo tẹ́ ẹ rà lọ́jà, tó bá ti dàgbà tó sì ti bá akọ gbé, ó ti lóyún. Ó tún ń tọ́jú àtọ̀ akọ pamọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì lè máa bímọ fún oṣù bíi mélòó kan láìrí akọ mìíràn. Ẹnì kan sọ fún mi pé abo nìkan lòun rà kí òun má baà rí ọmọ. Lẹ́yìn oṣù 2, ó wá ń bẹ̀ mí kí n wá kó ọmọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ, akọ nìkan ni kí ẹ rà. Bí ẹ sì fẹ́ ọmọ akọ kan pàtó tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, ẹ wá abo kékeré tí kò tíì bá akọ gbé, tàbí kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kí àtọ̀ àtijọ́ tán.

Níbi títà, ẹ má ra:

- èyí tó ká lẹ́bẹ́ mọ́ra
- èyí tí ikùn rẹ̀ wọnú
- èyí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi
- èyí tí nǹkan bí òwú pupa yọ ní ihò ìdí rẹ̀. Aràn ni. Ẹ má ra ẹja kankan nínú táǹkì yẹn, kódà èyí tó dára lójú.

Ẹ fi ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kó tó bá àwọn ti ilé pàdé.

## Oyún

Nǹkan bí ọjọ́ 21 sí 30 ni guppy àti platy ń lò; molly lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 6. Omi tó bá móoru á mú un yá, omi tútù á fà á gùn. Guppy tó dàgbà sábà máa ń bí 20 sí 50. Ẹja ńlá lè bí ju 100 lọ, èyí tó ń bí àkọ́bí lè mú bíi 10 wá.

Ẹ máa kọ ọjọ́ sílẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn tí abo kan bá ti bí lẹ́ẹ̀mejì lójú yín, ẹ ó ti mọ iye ọjọ́ tirẹ̀ gan-an, kálukú ló ní tiẹ̀.

Àmì pé ó ti sún mọ́: àbàwọ́n tó wà nítòsí ihò ìdí rẹ̀ á dúdú sí i (lára ẹja dúdú ẹ ò ní rí i); ikùn tó ti rí roboto tẹ́lẹ̀ á wá ní igun níwájú bí àpótí; á máa sá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á dúró sí kọ̀rọ̀ kan; á kọ oúnjẹ, á máa mí kíákíá. Tí ẹ bá rí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí, ẹ ti wà nínú wákàtí, kì í ṣe ọjọ́ mọ́.

## Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èmi ní èyí tí mo fẹ́ràn.

Ewé tó kún dí. Ẹ má gbé ìyá kúrò. Ẹ jẹ́ kí ìdajì táǹkì kún fún Java moss nísàlẹ̀ àti ojú oró lókè, kẹ́ ẹ sì fún àwọn àgbà ní oúnjẹ dáadáa lọ́sẹ̀ tí ìbí bá ń bọ̀. Wọ́n á jẹ díẹ̀, àmọ́ àwọn tó gbọ́n á yè. Èyí ni tèmi. Ẹni tó bá gba gbogbo ọmọ là, níbo ló fẹ́ kó wọn sí?

Táǹkì ìyá ọmọ. Èyí ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ pọ̀.

1. Ẹ fi omi táǹkì àgbà kún táǹkì kékeré, kí omi méjèèjì má yàtọ̀. Ẹ fi fítà tó ti gbó àti ewé púpọ̀ sí i.
2. Ẹ gbé ìyá lọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ má dúró di ìgbà tí ikùn bá ti ní igun, ìpayà lè mú kí oyún bàjẹ́ tàbí kí ó bí láìtọ́jọ́.
3. Ife tàbí abọ́ ni kí ẹ fi bù ú pẹ̀lú omi. Àwọ̀n máa ń tẹ ikùn rẹ̀.
4. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ táǹkì kan, kí ó rí òkùnkùn sá sí.
5. Ìbí lè gba wákàtí díẹ̀, ó sì lè dáwọ́ dúró kó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ikùn bá ti wálẹ̀, tí ó sì ti ń wá oúnjẹ kiri, ẹ gbé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó dá simi fún ọjọ́ kan tàbí méjì bí àyè bá wà, kí akọ tó tún dé bá a.

Àpótí ìbímọ. Ike kékeré tí wọ́n ń so mọ́ inú táǹkì. Ó ṣòro fún mi láti yìn ín. Ó há, omi kì í ṣàn nínú rẹ̀ dáadáa, ìyá sì máa ń bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ìyá kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan sí méjì lọ nínú rẹ̀. Fún ọmọ tó ti jáde, ó wúlò ju ti ìyá lọ.

Bí ẹ bá bá òkú ọmọ tàbí ẹyin pupa rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀, oyún kò pé ni. Ẹ kó o kúrò, ẹ wọn omi, ẹ má dààmú ìyá.

## Oúnjẹ ọmọ

Ọmọ tuntun máa ń gùn tó bí mìlímítà 6 sí 8. Ikùn rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, nítorí náà: díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́. Ohun tí wọn kò bá jẹ tán ní ìṣẹ́jú 3, ó ti pọ̀ jù.

Ohun tó wà nílé. Oúnjẹ ẹja wíwẹ́ tẹ́ ẹ fi ìka lọ̀ di ìyẹ̀fun ti tó kí wọ́n yè. Oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fún ọmọ ẹja àrọ̀ dára pẹ̀lú, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀. Pupa ẹyin sísè ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń ba omi jẹ́ kíákíá. Tó bá di dandan, ẹ bu ìwọ̀n orí ìṣáná, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú omi díẹ̀, ẹ ro ẹ̀kán mélòó kan sí i, ẹ sì fa ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìn wákàtí kan.

Artemia, ẹ̀dá kékeré inú omi iyọ̀ tó jọ edé. Òun ni ọba oúnjẹ ọmọ ẹja. Ẹyin rẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń tà nínú agolo. Àwọn tó ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ mọ ibi tó wà.

1. Ẹ gé ìdí ìgò ike, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ rọ omi lítà 1 sí i.
2. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 25 mọ́ ọn, ìyẹn ṣíbí ìjẹun kan àti díẹ̀.
3. Ẹ da ìdajì ṣíbí tíì ẹyin Artemia sí i, kí afẹ́fẹ́ máa hó dé ìsàlẹ̀, kí iná sì mọ́lẹ̀ sí i.
4. Ní ìgbóná 26 sí 28, wọ́n á pa láàárín wákàtí 24 sí 36.
5. Ẹ pa afẹ́fẹ́, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10. Èèpo á léfòó, àwọn ọmọ tó pọ́n bí epo á kó jọ sísàlẹ̀. Ẹ fi rọ́bà fa ti ìsàlẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ nínú aṣọ, ẹ fi omi lásán ṣàn án.
6. Ẹ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Agbára inú rẹ̀ ń dín kù bí wákàtí ti ń lọ. Èèpo kò gbọdọ̀ wọ táǹkì.

Tanwíjí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹja àgbà sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Ẹ gbé abọ́ omi mímọ́ sẹ́yìnkùlé, ẹ̀fọn á wá yé sí i. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nìkan ni ọmọ ẹja lè gbé mì. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ sẹ́ abọ́ náà, bí ẹ bá sì ń rin ìrìn àjò, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn lẹ sìn. Ẹ má bu tanwíjí láti inú gọ́tà. Epo ọkọ̀ àti ọṣẹ ń bá a wá.

## Láti ọjọ́ kìíní dé oṣù kẹta

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Omi mímọ́ ju oúnjẹ lọ. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá omi lójoojúmọ́ tàbí ìdá márùn-ún ní ọjọ́ méjì-méjì. Rọ́bà tín-ín-rín ti páǹpù afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fà á, sínú abọ́ funfun, kí ẹ lè rí ọmọ tó bá bá a lọ. Mo ti da ọmọ 7 sínú ilé ìwẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ọjọ́ ìyapa. Ní guppy, lẹ́bẹ́ abẹ́ akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ. Ẹ máa yọ akọ kúrò bí ẹ bá ti ń dá a mọ̀. Ẹ má dúró di oṣù 2: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò mọ ara wọn, wọ́n á sì ti lóyún nígbà tí ara wọn kò tíì tó o.

Oṣù 2. Àwọ̀ ti ń jáde. Ẹ gbé wọn lọ sí táǹkì tó fẹ̀. Ọmọ tó bá há mọ́ra kì í tóbi. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí kò lè wẹ̀ tọ́, ẹ má fi bímọ.

Oṣù 3. Ẹ lè yan àwọn tó dára jù láti fi bímọ. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, ẹ lọ gba akọ tàbí abo lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun wọ agbo.

## Bí iná bá lọ

A ò lè sọ̀rọ̀ ẹja nílẹ̀ yìí ká má sọ̀rọ̀ NEPA. Bí fítà bá dúró fún wákàtí díẹ̀, ẹja tí kò pọ̀ nínú táǹkì tó lẹ́wé kò ní kú. Ewu wà lóru àti nínú táǹkì tó kún, nítorí pé lókùnkùn, ewé náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà.

- Ẹ ra páǹpù kékeré tó ń lo bátìrì tàbí èyí tí a lè fi USB gba agbára. Lórí inverter, páǹpù afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná.
- Ẹ má bọ́ wọn tí iná kò bá sí. Ẹja àgbà lè gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì láìní ìṣòro.
- Bí wọ́n bá ń gbẹ́nu sókè omi, ẹ fi ife bu omi, ẹ dà á padà láti òkè, léraléra.
- Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí fèrèsé, páǹpù á fa èéfín rẹ̀ wọnú omi. Ẹ ti fèrèsé náà.

## Ohun tó ń pa wọ́n tí ẹ kò fura sí

Oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín. Èyí ló dùn mí jù, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi: àlejò kan fín in sí yàrá lálẹ́ kí ó tó sùn, kò mọ̀ pé páǹpù ń fa afẹ́fẹ́ yàrá náà sínú táǹkì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, kò ku ẹyọ kan. Bí ẹ bá máa fín in, ẹ pa páǹpù, ẹ fi aṣọ tútù bo táǹkì, kí yàrá sì gba afẹ́fẹ́ dáadáa kí ẹ tó tan án padà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ má fín in síbẹ̀ rárá.

Fífi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù fítà. Kílórínì á pa kòkòrò tó ń jẹ ammonia, ẹ ó sì padà sí ọ̀sẹ̀ kìíní. Inú omi tẹ́ ẹ fà kúrò ní táǹkì ni kí ẹ ti fún un.

Pípààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà "kí ó lè mọ́". Omi tó mọ́ gaara lójú lè kún fún májèlé, èyí tó sì pọ́n díẹ̀ lè dára.

Àìsàn mẹ́ta péré ni mo máa mẹ́nu bà. Bí àmì funfun bí iyọ̀ bá wà lára, ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 1 sí 2 sí lítà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kí ẹ sì wá oògùn rẹ̀. Bí molly bá dúró lójú kan tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, omi rọ̀ jù tàbí ó tutù jù: ìkarahun àti ìgbóná ni kí ẹ wò, ẹ má sáré ra oògùn. Ti aràn pupa tí mo sọ níṣàájú, levamisole ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ bá dókítà ẹran sọ ìwọ̀n rẹ̀, gbogbo táǹkì lẹ ó sì wò, ẹ ó tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 3.

## Wọ́n ti pọ̀ jù

Á ṣẹlẹ̀. Abo 3 tó ń bí 30 lóṣooṣù, ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ ya akọ sọ́tọ̀, ẹ dín ewé kù kí àwọn àgbà lè jẹ nínú ọmọ, tàbí kí ẹ pín wọn fún ọ̀rẹ́, iléèwé, àti àwọn tó ń tà á. Ẹ má da wọ́n sí odò tàbí gọ́tà. Guppy ti wà nínú gọ́tà Èkó tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi ike bù wọ́n. Ẹ má fi tiyín kún un, nítorí wọ́n ń bá ẹja ìbílẹ̀ du oúnjẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹyin wọn.

Bí ẹ bá máa gbé wọn fún ẹnì kan:

1. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ láti ọjọ́ tó ṣáájú.
2. Ẹ bu omi táǹkì kún ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá, ìdá méjì tó kù jẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ so ó le, ẹ tún fi ọ̀rá kejì bò ó.
3. Ẹ kó o sínú kúlà tàbí páálí, kí oòrùn má rí i. Ẹ má gbé e sí iwájú mọ́tò.
4. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gbà á pé kí ó fi ọ̀rá náà léfòó lórí omi táǹkì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ó máa bu omi tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ó wá fi àwọ̀n kó ẹja nìkan jáde. Omi ọ̀rá náà, ìdí òdòdó ni kí ó dà á sí.